Ọ̀dọ̀ Mi Ni Erin Wà, Ọ̀dọ̀ Àbúrò Mi Ni Ìjálá Rẹ̀ Wà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìrí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n Bàbá tó wà ní Lagbé, mo kí ìyàwó Ọdẹ́ṣínà àti ọmọ tuntun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ nínú fótò. Mo kí Ọdẹ́ṣínà náà, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fo àbúrò ẹni nínú ìkíni, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ń bí ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí lẹ́tà yìí fi wà ní gbangba, tí mi ò fi í sínú àpò ìwé bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin ò mọ̀wé kà, Ọdẹ́ṣínà ló máa ń kà á sí yín létí. Mo mọ àbúrò mi. Ibi tí mo bá ti yìn ín, á kà á lákàtúnkà. Ibi tí mo bá ti bú u, á ní ìwé ti ya níbẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá rí lẹ́tà yìí ní Ifangni ìlú wa, ní Tchaada tàbí ní Ko-Koumolou, mo bẹ̀ ẹ́, kó lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń ṣe epo, kó jókòó tì í, kó kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọdẹ́ṣínà nìkan ni kó má kà á.

Ẹ ti sọ fáwọn ará ọjà pé ọ̀gá ọkọ̀ ni mí ní Gàbọ́ọ̀nù. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà bó ṣe rí. Àwọn òyìnbó ni mò ń fi mọ́tò gbé kiri inú igbó tí ìjọba pa láṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, tí èèyàn kankan ò sì gbọdọ̀ dáko. Wọ́n á wọ ọkọ̀ òfúrufú kékeré láti Libreville, èmi á lọ pàdé wọn ní pápá, n ó kó wọn sínú mọ́tò gíga tí kò lórùlé, ó di inú igbó. Kò sọ́nà níbẹ̀ ju ipa táyà tí èmi fúnra mi ti tẹ̀ lọ. A ó sùn ní àgọ́ kan lónìí, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá odò lọ́la, a ó sùn ní òmíràn. Wọ́n ń wá ẹfọ̀n, wọ́n ń wá ìnàkí, wọ́n ń wá erinmi tó máa ń jẹko létí òkun, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá tíì rí erin, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun wọn. Ẹran tí àwọn baba wa ń gbé ìbọn tẹ̀ lé, fótò ni tiwọn.

Òjò ibí ò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Aṣọ mi kì í gbẹ délẹ̀délẹ̀, bàtà mi ti hu olú. Nínú gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́nìkan tó gbọ́ Nàgó, èdè wa. Faransé ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn. Nígbà míì, mo máa ń kí ara mi ní ẹ káàárọ̀ nínú dígí mọ́tò kí ẹnu mi má baà gbàgbé. Owó díẹ̀ ń wọlé, ẹ̀yin náà ń rí i, mi ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màámi, owú ń jẹ mí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ lórí fóònù pé ọ̀fun Bàbá ti há, pé ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́, àti pé Ọdẹ́ṣínà ni yóò dúró síwájú àwọn ọdẹ lọ́dún Ògún tó ń bọ̀ yìí láti sun ìjálá ilé wa, mi ò gbádùn. Èmi ni àkọ́bí. Èmi ni wọ́n sọ ní Ògúndélé. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ bá wá wo àyà mi, egungun ló kù níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìjálá erin ni olórí ìjálá ilé wa, Ọdẹ́ṣínà ò sì fojú rí erin rí. Ta ló rí erin ní Ifangni? Bàbá gan-an ò rí i, ẹnu baba rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Oko ẹ̀gẹ́ àti ìdí ọ̀pẹ ni Ọdẹ́ṣínà ń lọ, òkété ni ẹran tó tóbi jù tó tíì pa, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ròyìn rẹ̀. Èmi rèé, erin ń kọjá níwájú mọ́tò mi bí ewúrẹ́ ṣe ń kọjá níwájú ilé wa. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìjálá rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ń kọ́ Ọdẹ́ṣínà, ẹ ti rán mi lọ ilé ìwé ní Àjàṣẹ́. Ó gba ìjálá, mo gba Faransé.

Ẹ gbọ́ ohun tí Faransé sọ mí dà. Nígbà tí mo débí, ọ̀gá mi sọ fáwọn òyìnbó pé ọmọ ọdẹ ni mí, pé nílùú wa a máa ń ki ẹranko. Ni wọ́n bá ní kí n ki erin. Mo wo erin, erin wò mí. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni ìpolówó ẹ̀kọ yín, èyí tí ẹ máa ń pa láàárọ̀ nígbà tí mo ṣì ń di ìró yín mú tẹ̀ lé yín kiri:

Ó dé o, ó gbóná, ó ń yọ èéfín,
Ó róṣọ ewé, ó jókòó sínú agbọ̀n.
Ẹ bọ́ ọ láṣọ, ẹ gbé e mì,
Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ ò ní í sunkún dọ̀sán.

Mo fa ohùn náà, mo gbọ̀n ọ́n bí Bàbá ṣe máa ń gbọ̀n ọ́n. Àwọn òyìnbó gbé fóònù sókè, àwọn mìíràn dijú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹ̀kọ yín ki erin ní Gàbọ́ọ̀nù. Wọ́n ti gbé e sínú fóònù lọ sí ìlú wọn. Mi ò tọrọ àforíjì, ọjà náà tà.

Ó ń tà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù tó kọjá, tí àwọn kan dé láti Faransé. Màmá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn, èèyàn dúdú bíi tiwa, ọmọ rẹ̀ ló mú un wá ṣe fàájì. Mo rò pé ará Kamẹrúùnù ni. A bá ọ̀wọ́ erin kan létí odò, mo pa mọ́tò, mo dìde, mo gbé ohùn sókè. Mo ti dé “ẹ bọ́ ọ láṣọ” kí màmá náà tó fọwọ́ kàn mí léjìká. Nàgó Pọ̀bẹ̀ tó mọ́ kedere ló fi bá mi sọ̀rọ̀:

“Ọmọ mi, èèló ni ọ̀kan?”

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Nígbà tí a padà dé àgọ́, ó pè mí jókòó. Ó ní ọdẹ ni baba tó bí òun ní Pọ̀bẹ̀, pé láti ìgbà tí òun ti lọ sí Faransé, òun ò gbọ́ ìjálá sétí mọ́, àti pé nígbà tí mo dìde, inú òun dùn pé òun yóò gbọ́ ti erin lójú erin. Ó bi mí pé ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé wa ni. Màámi, ó ṣe mí bíi kí n purọ́. Mo ní àbúrò mi kan mọ̀ ọ́n díẹ̀.

Mo pe Ọdẹ́ṣínà, ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, a tún bá àwọn erin náà, mo tẹ ohùn náà nínú mọ́tò. Mi ò mọ̀ pé ohùn Ọdẹ́ṣínà ti dà báyìí. Ohùn Bàbá ni, kí ọ̀fun rẹ̀ tó há. Màmá Pọ̀bẹ̀ di irin mọ́tò mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dáhùn “hẹ́n” níbi tó yẹ kí wọ́n ti dáhùn. Ìyá erin tó wà níwájú gbé etí méjèèjì, ó dúró, koríko ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ kò jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé atẹ́gùn lásán lè mú kí erin gbétí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bá a jí lójoojúmọ́, kò gbétí sí mi rí. Díẹ̀ ló kù kí n tẹ fèrè mọ́tò kó lè sá lọ.

Ìbínú ọjọ́ náà ni mo fi pè yín nílé. Ẹ rántí pé mo ní kí ẹ sọ fún Bàbá pé erin kì í fọn kọ́mọ rẹ̀ fọn, pé Bàbá ṣì wà láyé, kí Ọdẹ́ṣínà panu mọ́ títí èmi yóò fi dé. Ẹ rántí pé Bàbá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ sí yín létí, ẹ̀yin lẹ sì bi mí: ṣé mo ti rí erin tó fọn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ìlà ò dáa, mo pa fóònù. Ìlà dáa, Màámi. Ọmọ erin máa ń fọn. Ìyá rẹ̀ á fọn, òun náà á fọn tẹ̀ lé e, ohùn tín-ín-rín bíi fèrè ọmọdé. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, ẹjọ́ mi tán nìyẹn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn Ọdẹ́ṣínà ní àgbọ́túngbọ́, mò ń wá àṣìṣe. Mo rí i! Ó ní bí erin bá ń bọ̀, ilẹ̀ á máa dún bí ẹni ń gún iyán, ìlú kejì á gbọ́. Irọ́ ni. Erin kì í dún. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù, ó lè dúró sẹ́yìn èèyàn kí onítọ̀hún má mọ̀. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó rí owó he. Mo pe Ọdẹ́ṣínà kí n fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, mo sì ti múra ìjà sílẹ̀. Kò jà. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí i rí. Ẹ sọ bó ṣe ń rìn fún mi.”

Mo sọ fún un. Ó bi mí bó ṣe ń mumi, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń ṣe tí ọ̀kan nínú wọn bá kú. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ìgbàkígbà tí òun bá ń ki erin, ó máa ń ṣe òun bí ẹni ń yin ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò, àti pé tí òun bá rí àwọn fótò mi, òun kì í lè jẹun. Owú ń jẹ òun náà! Mi ò ní í purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dé egungun. Nígbà tó tún gba ohùn sílẹ̀, ariwo iyán gígún ti kúrò níbẹ̀, ó ti fi tuntun sí i: “Òkè tó ń rìn, tí ewé ilẹ̀ ò gbọ́.” Ẹnu tirẹ̀ ló ti jáde, ṣùgbọ́n ojú tèmi ló rí i.

Nítorí náà, mo gbà. Kó dúró síwájú àwọn ọdẹ. Mo gbà, owú náà ò sì tán. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: bó bá ti dé ibi òkè tó ń rìn, kó dárúkọ mi, bí asunjálá ṣe máa ń dárúkọ ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kó ní Ògúndélé ló rí i tó sọ fún òun. Kó sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó bá jókòó sẹ́yìn pàápàá gbọ́. Tí kò bá dárúkọ mi, mo fi Ògún búra, n ó fi mọ́tò òyìnbó sílẹ̀ nínú igbó, n ó wá sílé, n ó sì gba ipò mi lójú gbogbo Ifangni.

Mo sì mọ̀ yín, Màámi. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ lẹ ti ń wá ohun tí yóò mú mi wálé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ pe Ọdẹ́ṣínà sí kọ̀rọ̀ pé kó má dárúkọ mi.

Ògún á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀fun Bàbá á là. Ẹ ò ní í fi ojú sunkún ọmọ, ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín, àkọ́bí yín,
Ògúndélé