Ẹni Tó Pè Mí Ní Àtọ́kẹ́

Ẹ̀yìn Ọjà Alakahia,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2002.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, orí àga yín lẹ́bàá ilẹ̀kùn lẹ ó jókòó sí, tí Gafar àbúrò mi yóò máa kà á sí yín létí. Gafar, mo bẹ̀ ọ́, má fo ìlà kankan, má sì fi tìrẹ kún un. Ara àwa níbí le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé ara yín náà le? Ṣé òwú tí ẹ ń ká fún àwọn ahunṣọ kì í lọ́jú pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́? Mo kàn ń bèèrè bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Gafar ti kọ ọ́ sí mi pé ojú ọ̀tún ti lọ, pé ti òsì náà ti ń ṣú.

Èyí tí Gafar kọ tí mi ò lè gbàgbé ni ohun tí ẹ sọ fún dókítà ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú kan tó kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò là. Ẹ ní kò sẹ́ni tó máa fi abẹ kan ojú yín, àfi bí ẹ bá ti fi rí ojú Testimony ọmọ mi ná. Ìyá mi, nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo ká ìwé náà, mo lọ jókòó sí ilé ìdáná, mo sunkún. Ọmọ ti pé ọdún méje, fọ́tò rẹ̀ nìkan lẹ mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sọ nígbà kan pé fọ́tò kì í rẹ́rìn-ín padà síni.

Ìdí nìyẹn tí a fi ra mọ́tò. Ẹ rántí pé nígbà kan tí a gbìyànjú àtiwá, ọkọ̀ elérò ò tíì dé Warri tí Testimony ti ń bì, ó bì títí ojú rẹ̀ fi yí, la bá sọ̀ kalẹ̀, a padà sílé. Ẹ sì rántí àwàdà tí Bàbá Kékeré ṣe lọ́jọ́ tí mo fẹ́ Sotonye, pé ẹni tó bá fẹ́ ará etí odò, ọkọ̀ ojú omi ni yóò máa gbé wálé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dọ́kàn. Mo ní bí a bá máa wá, inú mọ́tò ara wa ni màá ti sọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, kí ọmọ lè nà gbalaja sẹ́yìn, kí a máa dúró níbi tó bá wù wá, kí Bàbá Kékeré fúnra wọn sì wá bá mi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ẹni tó ta ọkọ̀ fún wa ni Àlàájì Ṣùkúrù, ọmọ Ìṣẹ́yìn bíi tiwa, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń ta tòkunbọ̀ ní Trans-Amadi. Mo ṣì ń fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n, torí pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi nílé. Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, Sotonye lọ ń yí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan po, ó ń fẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀. Èmi kí Àlàájì. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, wọ́n ní, “Ọmọ Ìṣẹ́yìn lèyí! Kí ni oríkì ẹ?” Mo ní Àtọ́kẹ́. Wọ́n ní, “Àtọ́kẹ́, ọmọ Ẹbẹdí, káàbọ̀ sílé bàbá ẹ!” Ìyá mi, wọ́n fà á gùn bí ẹ ṣe máa ń fà á láti ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo bá ti ilé kéú dé. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbí. Madam Fadi ni mí ní ọ́fíìsì, Mama Testimony ládùúgbò, Fadi lásán lẹ́nu ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn gbẹ̀yìn. Sotonye fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Fadi, make mechanic look am first.” Mo ní, “Look wetin? Na my brother be this.”

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tó jẹ́ pé ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi ló lè ṣe é. Mo ní ká kọ ìwé àdéhùn. Àlàájì wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Èmi pẹ̀lú ìwọ? Ìwé?” Ojú tì mí bí ẹni pé mo bú bàbá wọn. Wọ́n wá na ìka sókè, wọ́n ní, “Àtọ́kẹ́, bí ọkọ̀ yìí bá kọṣẹ́, èmi Ṣùkúrù ni kí o wá mú.” Ó tó mi. Bí wọ́n bá ní kí n san owó lé e nítorí orúkọ yẹn nìkan, màá san án.

Ọjọ́ tí a gbé e lọ sí Rumuolumeni kí ìyá ọkọ mi lè gbàdúrà sí i ni ọkọ̀ fi ara rẹ̀ hàn. A ò tíì débẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà bí ẹni ń gún iyán, ó rú èéfín, ó sì kú sójú títì. Àlàájì ní kò burú, ọ̀rọ̀ ilé ni, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ Dagogo, mẹkáníìkì àwọn. Dagogo tú ẹ́ńjìnnì, ó pè mí kí n wá wò ó. Ó ní, “Madam, dem pour thick oil inside make e no make noise. This engine don knock tey-tey.” Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì náà ti bàjẹ́, òmíràn ló máa gbà. Mo ní kó ṣe é, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti dúró fún mi.

Ìyá mi, nígbà tó parí, orúkọ mi ló kọ sórí ìwé owó. Iye tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí a fi ra ọkọ̀. Mo kà á wò, mo rí bátìrì tuntun níbẹ̀. Bátìrì wo? Bátìrì tí mo fọwọ́ ara mi rà, tí Sotonye fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ mi sí! Mo na ìka sí i. Dagogo fọwọ́ họ orí, ó ní, “Ah, Madam, na mistake,” ó fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n lórí ẹ́ńjìnnì, kò yẹ̀: “Engine na engine. Somebody must pay me before this motor comot.” Mi ò bá a wí. Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀, owó iṣẹ́ ló sì ń bèèrè.

Mo kọrí sọ́dọ̀ Àlàájì. Ẹni tó ń pè mí ní Àtọ́kẹ́ lánàá ti di ẹni tó ń pè mí ní Madam. Wọ́n ní, “Madam, àlòkù ni mo tà, ṣé tuntun lo rà ni? Ta ló gbọ́ ọ nígbà tí mo ní màá tún un ṣe?” Sotonye ní ká lọ sí tèṣàn. Mo ní rárá, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àti pé ẹjọ́ tèṣàn kì í tètè parí, ojú yín kò sì ní dúró dè é. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ẹgbẹ́ ọmọ Ìṣẹ́yìn, tí ń ṣèpàdé nílé Ìyá Làtífátù, olórí ẹgbẹ́.

Mo rojọ́ tèmi. Àlàájì dìde, wọ́n ní, “Ó dáa, ta ni ẹlẹ́rìí ẹ? Ọkọ ẹ tí kò gbọ́ ẹ káàárọ̀?” Ilé hó fún ẹ̀rín. Mo dorí kodò, nítorí òótọ́ ni, Sotonye nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ní kí n máa lọ sílé, ọkọ mi dìde. Ó na ìka sókè gẹ́gẹ́ bí Àlàájì ṣe nà án, ó ní, “Àtọ́kẹ́, bí ọkọ̀ yìí bá kọṣẹ́, èmi Ṣùkúrù ni kí o wá mú.” Ohùn rẹ̀ ń gùn níbi tó yẹ kó sọ̀, ahọ́n rẹ̀ ń lọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Gbogbo ilé yíjú sí i. Ìyá Làtífátù ní, “My in-law, who teach you?” Ó ní, “This one, nobody teach me, Mama. I hear am that day, I hold am. The other ones, na Ọbáfẹ́mi for our store dey teach me. I wan greet my wife mama for her own language before her eye go.”

Ìyá mi, mi ò gbọ́ ìdájọ́ dáadáa. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Àlàájì gbà, pé àwọn ni yóò san owó ẹ́ńjìnnì fún Dagogo. Ojú mi kò kúrò lára Sotonye. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàárò ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, tí mo rò pé kò mọ̀. Nílé, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní mo máa fi òun rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, màá fi í rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí pé, “This Àtọ́kẹ́, wetin e mean?” Mo ní ẹni tí a tọ́, tí a sì kẹ́ ni. Ó ní, “Who do am?” Mo ní, “My mama.” Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí ni ohun tí mò ń ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹni tó tọ́ mi, tó kẹ́ mi, ń jókòó nínú òkùnkùn, èmi ń bá èèyàn jà lórí ẹ́ńjìnnì.

Àlàájì kò tíì san owó náà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wí lójoojúmọ́. Mọ́tò ṣì wà lọ́dọ̀ Dagogo, àwọn adìyẹ rẹ̀ ti sọ òrùlé rẹ̀ di ibùsùn. Ìgbà tó bá jáde kó jáde. A ò dúró dè é mọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, èmi, Sotonye àti Testimony, inú ọkọ̀ elérò la ó wọ̀. Mo ti ra ọsàn tí ọmọ máa mu lójú ọ̀nà, mo ti kó ọ̀rá jọ fún èébì. Kó bì títí dé Ìṣẹ́yìn, a ò ní padà. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Kékeré pé ọkọ̀ ojú omi kò sí ní páákì lọ́jọ́ tí a lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Àárò yín ń sọ mí, Ìyá mi, ó ń sọ mí gan-an. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn wa lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bèèrè pé ta ni. Ẹ kàn pè mí bí ẹ ṣe ń pè mí. Ẹnìkan tilẹ̀ fẹ́ kí yín pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń lọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín kó tó parí.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Yóò bá wa ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù títí a ó fi dé. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ilé yín kò ní dá, àbẹ̀wò wa yóò bá yín láyọ̀. Ọmọ Ìyá Làtífátù tó ń bọ̀ nílé lọ́la ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ tọ́, tí ẹ sì kẹ́,

Fàdílátù Àtọ́kẹ́.

Àfikún: Gafar, ìwọ nìkan ni kí o ka ibí yìí, má kà á sókè. Ojú ìyá wa gan-an ni ojú Testimony, fọ́tò kò fi hàn tó: iwájú orí yẹn, èjí yẹn, bí wọ́n ṣe ń dijú díẹ̀ bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Má sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí a bá dé, gbé àga wọn bọ́ síta, síbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ jù, kí ojú kan yẹn lè rí i. Bí ojú náà bá sì ti lọ kí a tó dé, mú ọwọ́ wọn, fi lé ojú ọmọ náà, kí o sì dákẹ́. Wọn yóò mọ̀ ọ́n.