Orin Tí Ellis Kọ Lórí Àga

                                        14, Tanner's Row,
                                        Harkby,
                                        Lancashire.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 2019.

Desmond, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún ńkọ́? Sheila ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé kì í jẹ́ kí o jáde láìdé fìlà? Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjì ń bọ̀ ní etíkun yín, n kò sì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Jọ̀wọ́, bí òkun bá ti kọjá ògiri yẹn, má dúró wò ó o, gba òkè ilé lọ. Ara tèmi náà kò burú, àfi àyà mi tó ń já, ìwọ náà sì mọ̀ pé ó ti ń já láti ìgbà tí a ti wà nílé ìwé. Àwọn ẹyẹlé tí o fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí o ń kó lọ wà ní àlàáfíà. Doris ṣì ń ṣe bíi Doris. Bí àwọn yòókù bá ti fò dé, wọ́n á wọlé lọ jẹun. Òun á lọ bà sórí ihò èéfín ilé Ìyáàfin Pickup, á máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ellis, ọmọ ọmọ mi, ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí, ó sì kàn ọ́ ju bí o ṣe rò lọ. O rántí pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti kékeré, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ìlú wa sì ti mú un láti ìgbà tí bàtà rẹ̀ kò tíì ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún báyìí. Ní oṣù Kìíní, wọ́n ní kò tíì gbó tó láti bá àwọn àgbà gbá a, pé àwọn máa yá a fún Crossgill títí sáà yìí á fi parí. O mọ Crossgill, àwọn tó wà nísàlẹ̀ líìgì pátápátá, tí pápá wọn wà lẹ́yìn ilé ìpẹran. Bó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ó ti di agbábọ́ọ̀lù nìyẹn. Bí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n á dá a sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí wọ́n ṣe dá ọmọ Ramsbottom sílẹ̀, tó wá ń to agolo sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ń fojú inú rí Ellis láàárín àwọn agolo náà.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ti ìdánrawò ibẹ̀ dé, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, kò sì fọwọ́ kan páì rẹ̀.

"Ta ló kú?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá àgbà. Wọ́n ní kí n wá kọrin."

Ìwọ náà mọ àṣà wọn. Ẹni tuntun kò ní bá ẹgbẹ́ jẹun àkọ́kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì láìgun orí àga, kó dá orin kọ lójú gbogbo wọn. Kò pọn dandan kó dùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ròkè. Bó bá ń kùn sínú, wọ́n á máa sọ búrẹ́dì lù ú.

"Kò sí olùgbèjà tí mi ò lè kojú," Ellis wí, "ṣùgbọ́n mi ò lè kọrin. Mi ò lọ Crossgill mọ́."

Bí mo ṣe gbọ́ pé orin lásán ni, ọkàn mi balẹ̀ títí omi tíì fi hó, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá ń bà mí ju òun lọ. Mo mọ ohùn ọmọ náà. Nígbà tó ṣe àgùntàn nínú eré Kérésìmesì nílé ìwé, olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn máa la ẹnu, kí àwọn àgùntàn yòókù máa dún.

N kò sọ fún un, mo pe akọ́nimọ̀ọ́gbá Crossgill lórí fóònù, Len Brackett ni wọ́n ń pè é. Mo ní ọmọ ọmọ mi ní àìsàn ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n jọ̀wọ́ yọ̀ǹda rẹ̀.

"Irú àìsàn wo?" ló bi mí.

Mo ní, "Èyí tó máa ń mú un bí wọ́n bá ti ní kó kọrin."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Bàbá, gbogbo wa níbí la ní in. Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀ fún wa."

Ó sì lọ sọ fún Ellis. Ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, àfi ìgbà tó fẹ́ kí n na iyọ̀ sí òun.

Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀ tán, a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò orin lẹ́yìnkùlé. Àwọn orin tí òun mọ̀, n kò lè jẹ́ kí Ìyáàfin Pickup gbọ́ ọ̀rọ̀ inú wọn. Àwọn orin ìsìn tí èmi mọ̀, ó ń gbàgbé ìlà kejì. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, tí Doris wà lórí ihò èéfín, màá dá ẹ̀kọ́ dúró, màá mi agolo ẹ̀wà gbígbẹ, màá kọ orin tìrẹ, èyí tí o fi ń pe àwọn ẹyẹlé wálé nígbà tí a jọ ń sìn wọ́n. Doris kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n máa jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì pé. Ellis fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Wọ́n jẹun tán, balógun ẹgbẹ́, ọkùnrin gìrìwò kan tó ń jẹ́ Dugdale, fi ṣíbí lu ife. Ellis gun àga. Gbogbo orin tó wà lórí rẹ̀ fò lọ.

"Ọmọkùnrin," Dugdale pariwo, "ṣé orin lo fẹ́ kọ ni, àbí o fẹ́ bá wọn kun àjà?"

Búrẹ́dì àkọ́kọ́ bà á lágbárí. Ló bá fa ìgò iyọ̀ orí tábìlì, ó ń mì í, ó la ẹnu, ohun tó jáde ni:

Wọlé, Doris, wọlé o,
Ẹ̀wà ń bẹ nínú agolo,
Òjò ń bọ̀, ilẹ̀ ń ṣú,
Má jẹ́ kí n dá jókòó o.

Wọ́n dáwọ́ búrẹ́dì sísọ dúró. Ellis rò pé tòun ti parí.

"Ta ni Doris?" Dugdale bèèrè.

"Ẹyẹlé Bàbá àgbà mi ni."

"Ó wá ń wọlé bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o."

Ó ní Dugdale gbórí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé. Wọ́n mú kó tún un kọ títí àwọn agbóúnjẹ fi ń gbè é. Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, orin náà ni. Láti ẹnu àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó dé ẹnu àwọn òǹwòran.

Orin nìyẹn o, góòlù ńkọ́? Kò sí. Wọ́n gbá a, wọ́n tún gbá a, Ellis kò jẹ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ Ramsbottom wà.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó fúnra mi, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù méjì. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí Ellis dá wà níwájú àwọ̀n, ó gbá bọ́ọ̀lù lọ síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ni gbogbo èrò bá yọ agolo jáde. Desmond, agolo ẹ̀wà gbígbẹ! Wọ́n ń mì í, wọ́n ń kọ orin rẹ. Mo fi fìlà bojú. Obìnrin kan lẹ́yìn mi fi ìka gún mi.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó bí ẹni tó ń dúró de oníṣègùn eyín? Ẹ kọrin jàre!"

"Wọ́n ń bú u ni," mo ní.

"Ta ló ń bú u? Ọmọ wa ni! Ẹ gba agolo yìí, kẹ́ ẹ mì í."

Mo mì í. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n gbá kọ́nà. Ellis fò, ó dijú, mo rí i. Bọ́ọ̀lù bà á létí, ó yí lọ sínú àwọ̀n.

"Etí! Etí ló fi gbá a!" Obìnrin náà dì mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì ojú mi fi já bọ́. Ellis sáré wá sọ́dọ̀ wa, ó ń mi ọwọ́ bí ẹni tó mú agolo dání. Mo ké títí ẹ̀fọ́rí fi mú mi, mo sì rò pé nǹkan tó le ju ẹ̀fọ́rí lọ ni.

Brackett rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ọ̀nà Ọ̀fun! Ẹ rí i pé ó ti san?" Ó wá ní àwọn fẹ́ kí Ellis tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn bí sáà bá parí, kó kó wá máa gbé ní Crossgill.

Lánàá, Doris tún wà lókè. Mo ti kọrin títí ohùn mi fi ha. Ellis gba agolo lọ́wọ́ mi, ó dúró láàárín ọgbà, ó sì fi ohùn àgùntàn rẹ̀ yẹn ké e bí ẹni tó wà ní pápá. Ìyáàfin Pickup ń gbè é lójú fèrèsé. Doris yí orí, ó fò wálẹ̀, ó rìn wọlé bí ayaba.

"Ẹ ti rí i, Bàbá àgbà," Ellis wí. "Ohùn burúkú ló ń wá."

Mo sọ fún un pé kó tọwọ́ bọ ìwé náà. Mo yára sọ ọ́ kí ọkàn mi má baà yí padà. Láti àárọ̀ yìí ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọrin burúkú. Ìyáàfin Pickup ní mo ti ń mọ̀ ọ́n.

Bá mi kí Sheila àti ọkọ rẹ̀. Má gbàgbé òògùn orúnkún. Bí ìjì bá ti rọlẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú irin wá, kí o wá bá mi kọ ọ́. Mo ní láti dá ìwé yìí dúró níbí, òjò ti ń ṣú, Doris sì wà lórí ihò èéfín, ó ń wò mí.

Èmi ni, ẹni tó ń ro tìẹ lójoojúmọ́,
Clifford Ogden