Mi Ò Dáhùn Nínú Igbó

Baba mi, ọdẹ tó ń tẹlẹ̀ bí ológbò,

Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo pé báyìí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ràn lẹ́nu, kó lọ fi gba òkúta níyànjú, òkúta ní sùúrù jù mí lọ. Bọ́lá ọmọ mi, tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Torino nílẹ̀ Ítálì níbí, ní kí n jẹ́ kí ọmọ òun bá mi kọ lẹ́tà yìí, pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní rárá. Kíláàsì méjì péré ni mo kà kí ẹ tó ní oko ń pè, àmọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ fojú fò ó. Ẹ̀yin náà ò kúkú mọ̀wé.

Baba, ewé igi máa ń pọ́n níbí bí ata rodo kó tó já bọ́. Òtútù á wọlé, kùrukùru á bo odò, èèyàn á jí, kò ní rí ilé tó wà lódìkejì títì. Àsìkò yìí náà ni akọ àgbọ̀nrín orí òkè wọn máa ń wá abo kiri. Cervo ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi tó màlúù, ìwo rẹ̀ yọ ẹ̀ka bí igi tí gbogbo ewé rẹ̀ ti gbọ̀n dànù. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Àbí ẹ ti rí i níbi tí ẹ wà?

Ọkùnrin kan ló fi hàn mí. Aldo lorúkọ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń gbé. Arúgbó bíi tèmi ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Ọdẹ ni. Mo ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi, torí bó bá jókòó, etí rẹ̀ ló fi ń ríran, bíi tiyín. Èdè Ítálì tí mo gbọ́ ò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan, àmọ́ ọdẹ kì í wá ògbufọ̀ sí ọmọ ọdẹ. Lọ́jọ́ kan tó ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì rẹ̀, mo fi ìka ya ojú ẹsẹ̀ ẹtu sínú ìyẹ̀fun náà. Ó wò ó títí. Ó wá ya ti cervo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọ̀rẹ́, Mamma ló sì ń pè mí, bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu Bọ́lá.

Nígbà tó ní kí n bá òun gun òkè lọ gbọ́ igbe cervo, Bọ́lá káwọ́ lérí.

“Màmá, orúnkún yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ lọ wá nínú igbó òyìnbó?”

Ọmọ rẹ̀ náà fi èdè wọn dá sí i, pé kí ìyá àgbà má ṣe bẹ́ẹ̀: “Nonna, ma dai!”

Mo ní orúnkún mi ni, kì í ṣe tiyín. Mo wọ kóòtù Bọ́lá lé ìró mi, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, mo jókòó sínú mọ́tò Aldo.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí a dé òkè. Baba, láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni mo ti máa ń lá yín lálàá. Ẹ máa ń wà níwájú, àpò ọdẹ yín á wà léjìká yín, èmi á máa tẹ̀ lé yín, ẹ kì í sì í yíjú wẹ̀yìn. Àfi bíi pé mo tún wọnú àlá náà ni. Kùrukùru funfun bolẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi. Fìlà Aldo ń lọ níwájú, lójú mi, fìlà yín ni. Òórùn ẹ̀tù ìbọn ń ti ara rẹ̀ wá, òórùn yín ni. Ó kù kó tutọ́ orógbó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n kúnlẹ̀ kí i, ẹ kú àárọ̀ o, Baba.

Nǹkan wá ké. Ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà mi. Àgbọ̀nrín tiwa a máa gbó bí ajá, àmọ́ eléyìí ń dún bí akọ màlúù tó wà nísàlẹ̀ kànga. Òmíràn dá a lóhùn láti òkè kejì. Èyí àkọ́kọ́ jáde síta gbangba: ọrùn rẹ̀ wú, irun ọrùn rẹ̀ rin gbingbin, ó ń rùn bí òbúkọ. Ọ̀tá rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ẹ ti sọ ọ́ tipẹ́: akọ tó ń wá aya kì í rí ọdẹ. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹ máa ń wo ìyá mi, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Aldo yìnbọn. Ẹran náà fò sókè, ó sá wọgbó. A dúró, bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ó lè rí àyè lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí a tẹ̀ lé e, Aldo ò rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ojú rẹ̀ ò dá ṣáká mọ́, ewé tó wà nílẹ̀ sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún. Omi gba ojú rẹ̀. Ọdẹ tó pa ẹran lára tí kò rí i mọ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún un.

Mo fọwọ́ sọ fún un pé kó dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìrì a máa yọ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa lẹ̀. Èyí yọ̀. Èyí yọ̀. Èyí lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọnú kùrukùru lọ, mo gbàgbé Aldo, mo gbàgbé orúnkún. Mo bá a lẹ́bàá igi kan. Ó ti kú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn. Ó ṣì gbóná.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìpè.

“Mamma! Mamma!”

Mi ò dáhùn. Báwo ni n bá ṣe dáhùn? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bí ohùn bá pè mí nínú igbó, n ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ, pé a kì í mọ ohun tó ń pe èèyàn. Ẹ ní ìfé lẹ máa fi pè mí, ìfé bíi ti àparò, lẹ́ẹ̀mejì. Aldo ò mọ èyí. Ó rò pé mo ti jìn sí ọ̀gbun. Ó ń pè, ó ń pè, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Baba, orí cervo lọwọ́ mi wà, àmọ́ mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àgbọ̀nrín yẹn ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi, èyí tí ẹ yìnbọn fún tí ẹ ò rí mọ́, tí mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí mo fi bá a létí odò. Mo jókòó tì í, mo ń retí ìfé yín. Orúkọ mi ni mo gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kìlọ̀ fún mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń pè mí lórúkọ nínú igbó. Mo panu mọ́, torí pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n já lù mí níbẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹran, wọ́n kígbe: “Baba, mo ti rí i o!” Òfin ilé wa sì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ẹran tó sì kígbe, òun ló ni ìwo rẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Igbe ni mi ò ké. Ẹ gbé ìwo fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò wò mí lójú. Ẹ kàn ní, “Tìrẹ ń bọ̀.”

Kò wá. Ẹ̀gbọ́n ń rọ ẹ̀tù sínú ìwo náà títí wọ́n fi kú, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ni àwọn tọ ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ náà. Èmi wà nídìí odó, mo ń gbọ́, mo ń gúnyán.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi yín léèrè nínú ọkàn mi: kí ló dé tí ẹ ò súfèé? Orí òkè yẹn, bí ohùn Aldo ṣe ń gbọ̀n, ló tó yé mi. Ohùn tiyín náà gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹnu yín ló gbẹ? Ṣé ẹ rò pé mo ti kú ni, tí ètè yín ò fi lè ṣù láti súfèé? Ṣé ohun tí ẹ ò fi lè wò mí lójú nìyẹn? Mi ò ronú kan èyí rí, Baba. Ó gbà mí ní gbogbo ayé mi.

Èmi ni mo wá súfèé. Eyín mi ò pé mọ́, afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ìfé lọ, àmọ́ Aldo gbọ́. Ó sáré dé, ó ń bú mi, ó ń sunkún.

“Ma perché non rispondi?”

Ìdí tí mi ò fi dáhùn ló ń bi mí. Ogún ọ̀rọ̀ mi ò tó o sọ. Mo já ewé, mo fi bo ojú ẹran, bí ẹ ti máa ń ṣe. Òun náà já ẹ̀ka igi tútù kékeré kan, ó fi há ẹran náà lẹ́nu, bí oúnjẹ ìkẹyìn. A wo ara wa. Mo rò pé ẹ wà níbẹ̀. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?

Bọ́lá gbọ́ bó ṣe jẹ́, ilé ò rójú. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Aldo gbé ìwo ẹran náà gòkè wá, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó gbé e ka orí tábìlì. “Tue,” ó ní, tìrẹ ni. Bọ́lá ti ń dúpẹ́ kí n tó lanu. Mo gbé e padà fún Aldo. Bọ́lá ní ìgbéraga ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbéraga ni. Aldo ò jẹ mí ní nǹkan kan, n kì í sì í gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ mí.

Ìpè tí ẹ pè mí yẹn, mo ti dárí rẹ̀ jì yín, ìyẹn ti tán. Bí ẹ bá tún wá sójú àlá mi, ẹ má kàn máa lọ níwájú. Ẹ dúró, ẹ yíjú sí mi. Ẹ pè mí ní orúkọ tí ẹ̀yin nìkan ń pè mí, èyí tí mi ò ní kọ síbí. Lọ́tẹ̀ yìí, màá dáhùn.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí ojú yín ń ro, tó tọ ẹ̀jẹ̀ náà.

Ẹ jẹ mí ní ìwo àgbọ̀nrín kan. Ẹ san án.