Sí Ìdílé Baba Yàrá Gbígbóná

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, ó kéré tán lọ́kàn èmi akọ̀wé, ni Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìhùwàsí Àwùjọ fi ń bá ẹ̀yin ìyá wa, aya olóògbé, àti àbúrò wa, ọmọbìnrin yín, kẹ́dùn ikú ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Baba Yàrá Gbígbóná. Alága wa ti kọ ìwé ìkẹ́dùn kan ṣáájú èyí, oyin ń kán nínú rẹ̀. Mo ti fà á ya. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n ère tí ẹni tó lé èèyàn jáde bá gbẹ́, kò yẹ kó wọ ilé olóògbé.

Ohun tí Baba fi ọjọ́ ayé wọn wádìí kò ṣòroó sọ: kí ló dé tí èèyàn fi ń gbà sí ohun tí kò gbà gbọ́, nígbà tí ẹlòmíràn bá ti kọ́kọ́ gbà á? Nínú yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé Ẹgbẹ́, Baba á ti fèrèsé pa, wọ́n á fi àwọn àlejò jókòó sórí àga onígi. Ẹni àkọ́kọ́, tí Baba ti bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, á ní afẹ́fẹ́ yàrá náà tu òun lára. Òógùn á máa ro lójú àwọn yòókù, àwọn náà á sì ní ó tu àwọn lára. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹnì kan bá lè ní ooru ń mú òun, gbogbo wọn á dìde lọ ṣí fèrèsé, wọ́n á sì búra pé ohun tó wà lọ́kàn àwọn látilẹ̀ nìyẹn.

Inú òógùn yẹn ni ìmọ̀ ti jáde lọ sáyé. Ìwé Baba ni wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì bó ṣe lè sọ fún dókítà àgbà pé ẹsẹ̀ tó fẹ́ gé kọ́ ló ń dun aláìsàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé òkèèrè tó ta ko Baba tún ìwádìí náà ṣe ní yàrá tiwọn, wọ́n sì gbà. Àwọn kan rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín ọmọdé. Baba fúnra wọn ló tẹ ìyẹn jáde, tayọ̀tayọ̀. Àwa tí a jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà nìkan ni kò ka ìwé náà. Lọ́dún tó kọjá, alága ní ìwádìí òógùn kì í ṣe ìmọ̀, kí yàrá náà di ibi tí òun á ti máa gba àlejò. Gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní ìpàdé mi orí bí alángbá. Bí wọ́n ṣe gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kó parí nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ò béèrè ẹ̀yẹ. Ohun tí ẹ béèrè ni kí ọmọ yín, tó ti ń bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́, gba yàrá náà padà, kó parí ìwádìí tó kẹ́yìn, kí iṣẹ́ náà má bàa wọ ilẹ̀ pẹ̀lú Baba. Nígbà tí mo gbé e dé ìpàdé, alága ní kí a kọ ìyìn, kí a má mẹ́nu kan yàrá. Àwọn orí kan náà tún mì. Akápò wa, ìyá àgbà tó máa ń sùn ní gbogbo ìpàdé, ló ṣàdédé jí, tó béèrè ohun tí à ń jíròrò. Mo ní yàrá Baba ni. Ó ní, "Ṣé ẹ ò tíì dá a padà fún ọmọ yẹn ni? Ẹ̀yin èèyàn yìí ò mà nítìjú o." Kò mọ̀ pé a ti fẹnu kò, oorun ni kò jẹ́ kó rí orí tó ń mì. Nígbà tó yá, ẹnì kan ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀, ẹnì kejì ní ó ti wà lẹ́nu òun, títí ó fi kan alága, tó ní òun gan-an ló dá àbá náà.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Rere tí a ṣe yìí kò yàtọ̀ sí ìkà tí a ṣe lọ́dún tó kọjá; ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí Baba ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí mo lè ṣèlérí fún yín kò ju ìmọ̀ràn lọ: kí àbúrò wa wá pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn náà lọ́la, kí ẹlòmíràn tó tún kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run, tí kì í wojú ẹnikẹ́ni kó tó ṣàánú, tù yín nínú, kó dúró ti ọmọ tí Baba fi sílẹ̀, kó sì fún Baba ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mo ka àdúrà yìí sétí ìpàdé, gbogbo wọn sì kọ́kọ́ yíjú wo alága. Èmi ti ṣe àmín tèmi.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́