Àsíá Ìjọba Lórí Ọ̀pá Àwọ̀n Mi

Tẹjúmádé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìkẹjà níbẹ̀, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà létí ọ̀sà ní Ajara níhìn-ín, ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bímọ. Mawu tó dá wa á máa ṣọ́ ọ. Mo gba àsíá àti àwòrán tí o fi rán awakọ̀ sí mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò ní tàn ọ́ jẹ. Ó ń bí mi sí ọ, ó ń bí mi sí ìjọba, ó sì ń bí mi sí Ruth tó ń yan ẹja.

O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ sórí omi. Ọ̀pá la máa ń rì mọ́lẹ̀, a ó so aṣọ mọ́ ọn, ẹni tó bá rí aṣọ náà á mọ̀ pé ibẹ̀ ti ní olúwa, á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá. Ìró ìyá rẹ tó fi pọ̀n ọ́ ló ti wà lórí ọ̀pá mi láti kékeré rẹ, kò sẹ́ni tó dán an wò rí. Nígbà tí àsíá rẹ dé, mo ní bí wọ́n bá ń bẹ̀rù ìró obìnrin, aṣọ ìjọba ni wọn yóò rí tí wọn yóò sá. Ìyá rẹ ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. N kò gbọ́. Mo tú ìró rẹ̀, mo so àsíá, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń wò ó bí ọkọ ìyàwó.

Tíṣà Múyìwá ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá sétí omi láti ṣàlàyé àsíá, gbogbo abúlé sì tẹ́tí. Ó ní ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ló yà á kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀, ó fi oòrùn pupa sí àárín, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò sì yọ ọ́ kúrò. Kò yà mí lẹ́nu, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yọ nǹkan wa. Ó ní àwọ̀ ewé ni iṣẹ́ oko, funfun ni àlàáfíà. Mo béèrè èwo ni ẹja, ó ní kò sí. Ó tún na àwòrán àmì orílẹ̀-èdè tí o fi ránṣẹ́ sókè, ó ní ilà funfun inú asà dúdú ni Odò Ọya àti Bẹ́núè tí wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja, ẹṣin méjì ni iyì, idì pupa ni agbára. Tẹjú, ta ló ń gun ẹṣin ní Ajara? Òkun tó ń gbé gbogbo omi Ọya náà mì dà? Idì yẹn kan náà, ẹbí rẹ̀ ló ń jí ẹja nínú àwọ̀n mi láràárọ̀, òun ni wọ́n gbé sókè.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tíṣà ní àsíá yìí, gbogbo wa la ni ín. Ruth dúró níbẹ̀, ó gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti da àwọ̀n sábẹ́ ọ̀pá mi, àwọn ará abúlé Kankon sì tẹ̀ lé wọn. Mo pariwo. Ruth ní kí n má bínú, ó ní ṣé èmi nìkan ni mo ni Nàìjíríà ni, ó ní bí n kò bá fẹ́ aráyé, n kì bá tí so aṣọ aráyé mọ́ ọ̀pá. Wọ́n ń kó ẹja mi lọ, wọ́n sì ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá. A kò rí ẹja jẹ nílé mọ́ àfi èyí tí mo bá rà lọ́wọ́ Ruth.

Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ. Tíṣà lè sọ ohun tó bá wù ú, mo rí aṣọ kan náà lórí ilé iṣẹ́ ìjọba yín nígbà tí mo wá, ọ̀gá rẹ ló ni ín. Kí ó wá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò nínú omi mi.

Mo ti bẹ ìyá rẹ pé kó fún mi ní ìró rẹ̀ padà. Ó kọ̀. Ó ní mo ti fi tìjọba lé tòun lọ, kí n ní kí ìjọba wá se ọbẹ̀ fún mi. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra okùn àwọ̀n, kí o sì ra ìró tuntun tó dára gan-an fún un, bóyá á bọ́ ti àtijọ́ fún mi. Mawu kò ní jẹ́ kí ohun tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ rì mọ́lẹ̀ di ti aráyé.

Má fi àsíá ránṣẹ́ mọ́. Ìró ìyá rẹ ni mo fẹ́. Ẹni tó bá dẹ àwọ̀n sábẹ́ ìyẹn, ó mọ ẹni tí yóò wá bá òun nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sagbo