Òróró Màmá Nínú Bíréèkì Bọ̀dá

Ojúlé Kọkànlélógún,
Ẹ̀yìn Ọjà Ìpọ̀nrí,
Súrùlérè, Èkó.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá, 1974.

Àǹtí Adùnọlá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí ilé, mo kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń kọ́. Mo gbà á ládùúrà kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kí ara yín le, kí wàhálà ìgbéyàwó má sì gba oorun lójú yín. Tí ẹ bá béèrè èmi, ara mi le, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Màmá máa ń sọ pé mò ń fajú ro láìnídìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdí wà. Ẹ má sì bínú sí ìwé kíkọ mi, ilé-ìwé tí mi ò kà parí ló fà á.

Ẹ rántí pé Bọ̀dá Abọ́dúndé ti ṣèlérí pé mọ́tò pupa wọn ni yóò gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun náà ni wọ́n sì máa fi gbé èmi àti Màmá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí wọn ò sọ fún yín ni pé wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì tó bá mọ́tò náà wá, wọ́n ti fi ńlá kan rọ́pò rẹ̀. Tí wọ́n bá tanná sí i, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù wa á máa gbọ̀n. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, bíréèkì kékeré àtijọ́ ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi gbé mi dé Yábàá, wọ́n tẹ bíréèkì lẹ́bàá Tejúoṣó, mọ́tò ṣì ń lọ ṣáá. Obìnrin aláṣọ kan fò sẹ́yìn, ó ní, “Ìyàwó, sọ fún ọkọ ẹ kó rọra o, a ò tíì jẹun òní!” Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Àtọjọ́ náà ni bíréèkì ti di ìjà nílé. Ọ̀gá Mùktárù, mẹkáníìkì wọn ní Mushin, ní kí wọ́n kàn wá páàdì bíréèkì tó le sí i, ó ti tó: “Ṣé òfúrufú lẹ fẹ́ gbà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni?” Bọ̀dá Ambrose, ọ̀rẹ́ wọn tó máa ń ka ìwé mọ́tò, ní irọ́ ni, ẹni tó bá bọ́ ẹṣin yó tí kò pààrọ̀ ìjánu rẹ̀, ilẹ̀ ni ẹṣin máa gbé e sí. Wọ́n ní díìsì ńlá ni kí Bọ̀dá wá, irin róbótó bí àwo ọbẹ̀, tí páàdì máa ń fún mọ́ra. Èyí tó bá mọ́tò náà mu kò sí lọ́jà, àfi lára mọ́tò kan tó fọ́, tó wà lágbàlá àwọn tó ń tú ọkọ̀. Bọ̀dá rò ó, wọ́n tún un rò, wọ́n á máa fi ìka ya díìsì sórí tábìlì títí ọbẹ̀ á fi tutù. Nígbẹ̀yìn, wọ́n mú un.

Màmá fárí gá. “Abọ́dúndé, irin tó ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò lo fẹ́ fi gbé ìyàwó?” Bọ̀dá ní ògiri ni mọ́tò náà kọlù, kò sẹ́ni tó kú. Màmá ní, “Ṣé o wà níbẹ̀?” Síbẹ̀, wọ́n de díìsì náà sí mọ́tò Bọ̀dá lọ́jọ́ Ajé. Àǹtí, ó mú! Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó dúró gbọn-in.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Bọ̀dá ń wẹ̀, Màmá ní kí n bá àwọn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgò òróró tí àlùfáà gbàdúrà sí wà lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ra irin lórí ni. Wọ́n wo ibí, wọ́n wo ọ̀hún, wọ́n rí ike kékeré kan tó ní ọmọrí, wọ́n ní, “Ẹnu rẹ̀ rèé.” Wọ́n ṣí i, wọ́n da òróró sí i. Wọ́n ní, “Ìwọ tó o ti mu ẹ̀jẹ̀, mu èyí.” Èmi sì ṣe Àmín. Àmín ńlá.

Àná ni Bọ̀dá délé tí wọ́n ní ẹsẹ̀ mọ́tò ń gbóná, bíréèkì mú tán kò fẹ́ tú sílẹ̀. Ọ̀gá Mùktárù wá wò ó, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀: “Ó ń ṣe bí ẹni tó mu epo. Tí epo bá kan omi bíréèkì, rọ́bà inú ẹ̀ á wú, ọjọ́ tó bá wù ú ló máa kọ̀ fún yín lójú títì.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wo Màmá, ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà, wọn ò gbójú sókè. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti dójú ti ìyá mi níwájú àlejò. Tí mi ò bá sọ ọ́, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ jìn. Mo ní, “Bọ̀dá, òróró wà nínú ike omi bíréèkì náà.” Wọ́n ní, “Ta ló dà á?” Màmá ló dáhùn: “Èmi ni. Ọmọ mi ni mò ń ṣọ́.”

Wọ́n tú u. Rọ́bà náà ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà báyìí. Bọ̀dá wá ní kò burú, lọ́jọ́ Ajé wọ́n á dá bíréèkì kékeré padà, rọ́bà tiẹ̀ wà, wọ́n á sì wa mọ́tò náà wá bẹ́ẹ̀. Màmá ní òróró ti ṣiṣẹ́ ẹ̀, kò fẹ́ kí mọ́tò náà lọ ni. Bọ̀dá pariwo, “Màmá, ẹ̀yin lẹ ò fẹ́, ẹ má fi ti òróró ṣe!” Wọ́n jáde. Mi ò mọ ẹni tó jàre. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pamọ́, ẹ̀rù bà mí, mo tún dá a padà.

Àǹtí, láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ẹ̀yin nìkan ni Bọ̀dá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn ni wọ́n máa fa yín lé ọkọ lọ́wọ́. Wọ́n ti fọ́nnu mọ́tò náà fún gbogbo ọ́fíìsì, ojú ló ń tì wọ́n. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ ní ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Lateefat ará yàrá kejì ló mú ìwé yìí wá, ọjọ́ kejì tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń padà bọ̀; tẹ́ ẹ bá ti rí wọn, ẹ fi èsì rán wọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbogbo wa pé lọ́jọ́ náà. Kí ilé ọkọ tù yín lára. Ẹ ò ní fi ọjọ́ ayọ̀ sunkún.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wọ̀nà fún èsì,
Àràmídé.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí kí n tó tún ya á. Bọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Wọn ò wojú mi. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Ìdó, aago mélòó ló ń gbéra?” Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, “Lọ bá mi béèrè.” Mo ti wọ bàtà. Ẹ ṣì kọ̀wé o, torí inú wọn lè tún yí padà. Màmá ń pariwo láti inú yàrá: “Sọ fún wọn pé èèyàn mẹ́ta ni wá, a ò sì ní jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o!”