Báláǹsì Dàhòmì àti Òkúta Tí Mo Fi Ọṣẹ Fọ̀

Takọn, lẹ́bàá Ṣàkẹ́tẹ́
Oṣù Èrèlé, ọdún kejì òmìnira

Àdìó ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle. Bí ó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, kọ́kọ́ jẹun tán ná, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi òkèlè sìn. Olúwa tí ó mú ọ gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ dé Kútọnù kò ní jẹ́ kí o rí ìbínú ọ̀gá, ọkọ̀ kò ní kọ lù ọ́, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní rí ẹ̀yìn rẹ. Mo kí Rébecca ìyàwó rẹ, mo sì kí Delphine ọmọ ọmọ mi. Sọ fún un pé ìyá àgbà ti lè kọ orúkọ rẹ̀ láì wo ojú pátákó.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òjò kò tíì rọ̀. Ewúrẹ́ Victorine alábàágbé wa bí ìbejì, ó sì jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ tí mo sá. Àǹtí rẹ tí ó wà ní Ìdírókò ránṣẹ́ pé òun kò rí gaàrí wa mọ́, mo ní kí wọ́n sọ fún un pé àwọn aláṣọ káki ojú ààlà sọ pé ilé ìdáná rẹ̀ ti di ilẹ̀ òkèèrè, àfi kí n gba ìwé kí n tó gbé gaàrí lọ fún ọmọ ìyá mi. Mo bi wọ́n bóyá èéfín tí afẹ́fẹ́ ń gbé ti ọ̀hún wá sọ́dọ̀ wa náà gba ìwé.

Mo ń fi ewúrẹ́ àti gaàrí sún ọ̀rọ̀ síwájú ni, o mọ̀ mí. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ikú kò dé, ẹ̀sín ló dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mẹ̀sí Innocent, olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé lábẹ́ àtíbàbà ìjọ aláṣọ funfun wa, ka ìwé ìròyìn fún wa. Ó ní báláǹsì orílẹ̀-èdè wa ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé ohun tí à ń rà lọ́wọ́ ará òkè òkun, símáńtì, aṣọ, ṣúgà àti kàmíọ́n tí ń kó ẹrù, wúwo ju èyí tí à ń tà fún wọn lọ, bẹ́ẹ̀ epo àti ekùrọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwa ń tà. Àdìó, o mọ̀ pé irin òṣùwọ̀n tí Séverin tí ó ń ra ekùrọ́ fi ń wọn ẹrù wa ní ọjà Ṣàkẹ́tẹ́, báláǹsì náà ni gbogbo wa ń pè é. Lójú ẹsẹ̀ ni mo rí i lọ́kàn mi: báláǹsì ńlá kan létí òkun ní Kútọnù, kàmíọ́n àti símáńtì ní ọwọ́ kan, ekùrọ́ wa lókè fiofio ní ọwọ́ kejì, ìwọ ọmọ mi tí o kọ̀wé pé bùró ìjọba tí ó ń rí sí ìṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ọ́ sí, ìwọ lo dúró tì í, tí o ń fi gbogbo agbára tẹ ọwọ́ tiwa kí ó lè wálẹ̀. Mo sunkún. Mo ní abájọ tí o fi rù nígbà tí o wá ní Kérésìmesì.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí odò, mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tí ó dán, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn gbẹ, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní òkè òkun sọ pé obìnrin Takọn dọ̀tí. Mo dà wọ́n sínú àpò ekùrọ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn olè ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n olè a máa fi tirẹ̀ pamọ́. Èmi, nígbà tí Séverin wọn àpò mi tán, mo rọra sọ fún un létí pé kí ó má wulẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, gbogbo wa la ni ìlú, òkúta inú rẹ̀ sì mọ́ ju ekùrọ́ lọ.

Séverin da àpò náà sílẹ̀ láàárín ọjà. Ẹnìkan béèrè bóyá òkúta ni òyìnbó yóò máa fi ṣe ọṣẹ báyìí, òmíràn ní rárá, ọṣẹ ni ìyá yìí fi ṣe òkúta. Ǹ bá panu mọ́. Mo gbé orúkọ rẹ jáde, mo ní ọmọ mi Cyprien Àdìó wà ní bùró ìṣòwò ní Kútọnù, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ yìn mí. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ẹnu mi kò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Séverin ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò ra àpò ará Takọn kankan mọ́, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, òun kò mọ èyí tí inú ń run. Ekùrọ́ àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòkòrò sì ń yọ́ wọ inú rẹ̀. Sàndáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, mú mi. Lójú ọ̀nà, ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá rán ìyá rẹ̀ láti ba ọjà ìlú jẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn yóò ti gbé àga kúrò ní ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún.

Ilé ẹjọ́ Pọbẹ̀ ni wọ́n mú mi lọ. Adájọ́ náà kò ju ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Ó bi mí ní ìdí, mo sì ṣàlàyé báláǹsì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, akọ̀wé rẹ̀ tẹ orí mọ́ tábìlì, mo rò pé wọ́n ń sunkún nítorí ìlú ni. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ọmọ tí mo dárúkọ ní ọjà mọ̀ nípa rẹ̀. Mo rí àga rẹ bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde. Mo wo ojú adájọ́, mo ní:

“N kò ní ọmọ ní Kútọnù. N kò bímọ rí. Àgàn ni mí.”

Èmi tí mo pọ̀n ọ́ láti abúlé Ahoyéyé dé Pọbẹ̀ yìí kan náà nígbà tí ara rẹ gbóná, ẹnu mi ló sọ ọ́. Ni Victorine bá dìde, ó ní kí adájọ́ má bínú, ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí bá yàgàn, ta ni Àdìó tí ó ti fi di àwa létí, tí a kò lè ra iyọ̀ kí ó má sọ fún wa bí Àdìó ṣe fẹ́ràn iyọ̀ tó? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ẹsẹ̀ mi.

Adájọ́ ní, “Ìyá, òfin ilẹ̀ yìí kì í mú ọmọ nítorí ìyá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń mú.”

Nítorí náà, kò sí ohun tí ó fẹ́ ṣe àga rẹ tẹ́lẹ̀. Lásán ni mo sọ ọ́ nù. Ó sì ṣàlàyé fún mi pé báláǹsì ìlú kì í ṣe irin, pé ìṣirò ohun tí a tà àti ohun tí a rà ni, òkúta kò lè kún un, yóò kàn jẹ́ kí àwọn oníbàárà kọ ẹrù wa ni. Ó ní kí n jókòó ní ọjà Ṣàkẹ́tẹ́, kí n da àpò gbogbo àwọn obìnrin Takọn sílẹ̀, kí n yẹ̀ wọ́n wò lójú Séverin títí yóò fi gbà pé wọ́n mọ́. Mo ṣe é. Oòrùn pa mí, Victorine gbé ẹ̀kọ wá fún mi. Séverin ti ra gbogbo rẹ̀, àwọn obìnrin sì ti dárí ekùrọ́ jì mí.

Ṣùgbọ́n wọn kò pè mí ní Ìyá Àdìó mọ́. Bí mo bá ń kọjá, wọn a ní Àríkẹ́, ẹ kú ìrìn o. Èmi ni mo fi ẹnu mi gba orúkọ náà lọ́wọ́ ara mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ láti ọwọ́ mi kí ẹlòmíràn tó rò ó fún ọ.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi í wọ ọkọ̀ wá. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ra iyọ̀ àti epo àtùpà. Wá ní ọjọ́ ọjà Ṣàkẹ́tẹ́, ní ọ̀sán gangan, wọ aṣọ bùró rẹ. N ó jókòó nítòsí ibi tí Séverin ti ń ra ekùrọ́. Dọ̀bálẹ̀ sínú eruku náà, má wo aṣọ rẹ, kí o sì pè mí ní ìyá mi, kí o pè é kí ẹni tí ó ń ta ata ní ìpẹ̀kun ọjà gbọ́. N kò ní tètè dá ọ lóhùn, kí o lè pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Pọbẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbé e mì, kò ní tẹ̀lé ọ dé Kútọnù. O kò ní rí ọjọ́ tí ọmọ rẹ yóò sẹ́ ọ, o kò sì ní rí ọjọ́ tí ìwọ yóò sẹ́ ọmọ rẹ. Àṣẹ.

Èmi ni,
Àríkẹ́, ìyá Àdìó.